100, 125, 150 àbí 200: alùpùpù wo ló lè gbé yín ní ọ̀nà márosẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ra alùpùpù tí yóò máa gbé e láti Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí láti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bi ọlọ́jà ni pé, "Báwo ló ṣe lè sáré tó?" Ọlọ́jà á na ìka sí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lójú mítà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìbéèrè yẹn kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Eré tí alùpùpù ń sá nígbà tí a bá dá nìkan gùn ún, tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí a sì yí ọwọ́ rẹ̀ délẹ̀, kò sọ bí yóò ti ṣe nígbà tí tírélà bá wà níwájú, tí òkè wà níwájú tírélà, tí ìyàwó ẹni sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àpò gààrí. Ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni pé: bí mo bá ń sá eré tí ọ̀nà yìí ń fẹ́, agbára mélòó ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi?

Òun ni mo fi wọn gbogbo wọn níhìn-ín. Nọ́ńbà orúkọ wọn ń sọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, èyí tí wọ́n ń fi cc wọ̀n. Àkọ́kọ́ ni 100, irú Bajaj Boxer 100. Èkejì ni 125, irú Honda CG125, tó ti wà láti ọdún 1976, àti ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ará Ṣáínà ṣe ní àwòkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni 150, pàápàá Boxer BM150 tó kún ìgboro. Ẹ̀kẹrin ni 200 ti Ṣáínà, èyí tí àwọn tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ẹrù fẹ́ràn.

Afẹ́fẹ́ àti agbára

Nínú ìlú, ìwúwo alùpùpù àti èrò tó gbé ni ẹ́ńjìnnì ń bá fà á. Bí a bá ti jáde síta tí eré kọjá 50, afẹ́fẹ́ ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwúwo. Bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára tí a fi ń la afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po 8. Mo ṣírò rẹ̀ fún alùpùpù tó gbé èèyàn 2, tí àpapọ̀ ìwúwo wọn tó 250 kìló, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tí atẹ́gùn kò fẹ́. Ní 60 kìlómítà láàárín wákàtí kan, agbára ẹṣin 3.5 (horsepower, ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára ẹ́ńjìnnì) ti tó o. Ní 80, ó ń béèrè bíi 7. Ní 100, bíi 13 ni.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ẹ́ńjìnnì náà ní lápò. Boxer 100 ní agbára ẹṣin bíi 8. CG125 ní bíi 11. BM150 ní 12. Àwọn 200 ti Ṣáínà sábà máa ń wà ní bíi 15. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á tún sọnù sínú jíà àti ṣéènì kó tó dé táyà ẹ̀yìn.

Nítorí náà, bí 100 bá gbé èèyàn 2 tó sì ń sá 80, ó ti ná gbogbo ohun tó ní. Kò sí àfikún. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá fẹ́ lù ú níwájú, á já sí 65 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bíréèkì. Ẹni tó ń gun ún kì í tètè mọ̀, torí mítà rẹ̀ náà máa ń bù kún eré. Ọ̀pọ̀ mítà alùpùpù kékeré ló ń purọ́ sókè.

Ẹ ó rí i pé lórí ìwé, 125 àti 150 kò jìnnà síra: 11 sí 12. Àmọ́ ẹni tó ti gun méjèèjì mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ lójú títì. Kí CG125 tó fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní láti máa yí ní bíi 9,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ariwo á gba ọ̀nà kan. BM150 ti rí tirẹ̀ ní 7,500, agbára ìfàsókè rẹ̀ tó ga jù sì wà ní 5,000 péré, níbi tí à ń gùn ún lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí 150 fi ń gòkè láìyí jíà níbi tí 125 ti ń wá jíà kẹta.

Òkè

Ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, òkè kì í ṣe ìṣòro ńlá. Ẹ kọjá Iléṣà, kí ẹ wá máa lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tàbí kí ẹ gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ á yí padà. Níbi tí títì bá ti ń gòkè mítà 8 nínú gbogbo 100 mítà tí a rìn, èèyàn 2 tó fẹ́ máa sá 60 lọ sókè yóò nílò agbára ẹṣin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8. 100 ò lè ṣe é. Yóò gun òkè náà o, ẹ má ṣi mí gbọ́, ṣùgbọ́n jíà kejì tàbí ẹ̀kẹta ni, ní bíi 35 sí 40, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì máa bá a lójijì ní kọ́nà tí wọn ò ti rí iwájú. Èmi gbà pé òkè ló ń pa 100 lára ju títẹ́jú lọ, kì í ṣe nítorí ẹ́ńjìnnì, bí kò ṣe nítorí àlàfo eré tó wà láàárín rẹ̀ àti ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn.

150 ń gun irú òkè yìí ní 55 tàbí 60 bí ṣéènì àti ríìnì rẹ̀ (òrùka tó yí písítìnì ká) bá ṣì dára. 200 ń gùn ún bí ẹni pé kò sí òkè níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ní Èkìtì tàbí ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà, tí ẹ sì ń gbé èrò tàbí ẹrù, ẹ má tilẹ̀ wo 100 lẹ́ẹ̀mejì.

Kíkọjá lára tírélà

Ibí ni ọ̀rọ̀ agbára tó ṣẹ́ kù ti ń hàn kedere jù, mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà tí kò ní ìlà méjì-méjì, tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lo títì kan. Tírélà kan wà níwájú yín, ó ń sá 60. Ó gùn ní mítà 18. Ẹ fi mítà 20 sílẹ̀ kí ẹ tó yà, ẹ sì nílò mítà 20 mìíràn lẹ́yìn tí ẹ bá kọjá kí ẹ tó padà sí ọ̀nà yín. Mítà 58 nìyẹn tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sáré ju tírélà lọ.

Tí alùpùpù yín kò bá lè ju 75 lọ nígbà yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 14 ni ẹ óò fi wà ní ọ̀nà ẹlòmíràn. Láàárín ìgbà náà, ẹ óò ti rin mítà 290. Mọ́tò tó ń sá 100 bọ̀ lọ́dọ̀ọ́ yín á ti rin 390. Ó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ rí mítà 680 títì tó ṣófo kí ẹ tó yà. Ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́ tó gba Fìdítì kọjá, ibo lẹ ti máa rí i?

Tí alùpùpù náà bá lè dé 90, ìṣẹ́jú àáyá 7 ni, ohun tí ẹ sì nílò kò ju bíi mítà 370 lọ. Eré tó fi kìlómítà 15 péré lé sí i ti dín ewu náà kù sí ìdajì. Nítorí ẹ̀yí ni mi ò ṣe gbà pé ẹ́ńjìnnì ńlá ń mú kí èèyàn máa sáré jù; lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kọjá lára tírélà, òun ló ń mú wa kúrò níbi ewu kíákíá.

Èwo ló lè dé 90 pẹ̀lú èrò lẹ́yìn? 200 lè ṣe é. 150 tó ṣì lágbára lè dé ibẹ̀ bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ṣùgbọ́n ó ti ń mí gúlegúle. 125, bí ó bá dá gbé ẹni kan. 100 kò lè dé ibẹ̀, kí ẹni tó ń gun ún sì kúkú pinnu tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní kọjá lára ọkọ̀ ńlá kankan ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àfi èyí tó dúró tàbí tó ń wọ́. Sùúrù wà nínú iye tí a ra 100.

Ohun mìíràn tún ni atẹ́gùn tírélà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, alùpùpù á dà bí ẹni tó rí agbára kún agbára, ẹ̀tàn ni. Bí ẹ bá yọ orí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn á gbá yín padà, á tún ti ọwọ́ yín sí apá kan. Alùpùpù tó fúyẹ́ ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ẹ di ọwọ́ mú ṣinṣin ṣùgbọ́n kí apá yín rọ̀. Apá tó bá le gbagidi ló ń gbé gbígbọ̀n náà lọ sínú táyà iwájú.

Ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 127.6 kìlómítà, ọkọ̀ tó ń dojú kọni kò yẹ kó sí, yàtọ̀ sí àwọn tó ń gba ọ̀nà òdì, tí a mọ̀ pé wọ́n wà. Níbẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìṣòro. Bí ẹ bá ń sá 60 tí bọ́ọ̀sì sì ń sá 110, ó ń sún mọ́ yín pẹ̀lú mítà 14 ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Dígí méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo ń rí ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n ti tú dígí rẹ̀ dànù kí wọ́n lè ráyè kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kí irú wọn jókòó sí ìgboro.

Bíréèkì, táyà, iná

Níhìn-ín, cc kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan. 150 tí bíréèkì iwájú rẹ̀ jẹ́ onílù (drum) burú ju 125 tó ní onídíìsì lọ, bó bá kan ọ̀rọ̀ dídúró. Ní 80, láàárín ìgbà tí ojú rí ewu sí ìgbà tí ọwọ́ tẹ bíréèkì, ẹ ti rin bíi mítà 33. Dídúró fúnra rẹ̀ á gba bíi 50 sí i. Ní 60, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju bíi 53 lọ.

Àwọn ọlọ́kadà kan ní ìgbàgbọ́ pé bíréèkì iwájú ló ń da èèyàn nù, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí alùpùpù bá ń dúró, ìwúwo ń lọ síwájú, táyà iwájú ló sì ń di ilẹ̀ mú jù. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú tẹ̀yìn. Ẹ má gbá a mú lórí iyanrìn tàbí nínú kọ́nà. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ lo jíà kejì tàbí ẹ̀kẹta láti fi fà á, torí bíréèkì onílù tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa ń gbóná débi pé kì í mú mọ́.

Táyà tó ní túùbù ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Bí ìṣó bá gún irú rẹ̀, gbogbo afẹ́fẹ́ lè jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó gbóná, kí ẹ má sì gbé túùbù tí wọ́n ti lẹ̀ léraléra lọ sí márosẹ̀. Ní ti iná, alẹ́ kò yẹ alùpùpù kékeré ní ọ̀nà jíjìn. Iná iwájú wọn kò lè fi gálọ́ọ̀pù hàn yín ní àkókò tí ẹ óò fi yà á bí ẹ bá ń sá 70.

Ooru, jíà, epo

Gbogbo ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, afẹ́fẹ́ ló ń tù wọ́n, ọ́ìlì tó wà nínú wọn kò sì ju bíi lítà kan lọ. 100 tí wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ délẹ̀ fún wákàtí kan ń jó ọ́ìlì yẹn ju bó ṣe ń jó o nílùú lọ. 150 tó ń sá eré kan náà kò tíì yí ọwọ́ délẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, lójú márosẹ̀, epo tí 100 ń mu àti èyí tí 150 ń mu kì í jìnnà síra mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nílùú, 100 ló ń fi owó pamọ́ ju gbogbo wọn lọ.

Bí ẹ bá ní 100 tàbí 125 tẹ́lẹ̀, mẹ́káníìkì lè bá yín pààrọ̀ irin eléyín kékeré tó wà níwájú ṣéènì, kó fi eyín kan kún un, bí àyè bá wà fún un. Ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀ díẹ̀, ariwo á dín kù. Kò fi agbára kún un o; òkè á sì le fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ará Ìbàràpá lè jẹ gbádùn rẹ̀, ará Èkìtì kò lè jẹ ẹ́.

Àwọn tó ṣì ń gun àwọn alùpùpù tí ọ́ìlì ń bá epo jó pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọn, irú Jincheng AX100: ẹ ṣọ́ra ní ìsọ̀kalẹ̀ gígùn. Bí ẹ bá ti dá ọwọ́ padà, epo kò wọlé, ọ́ìlì náà kò sì wọlé dáadáa, nígbà tí písítìnì ṣì ń sáré. Ẹ máa fún un ní ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀: BM150 ló borí, kò sí àríyànjiyàn. Kò sí ìletò tí ẹ ò ti ní rí kébù kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. CG125 tẹ̀lé e, torí mẹ́káníìkì tó ti dàgbà lè tú u kó sì tò ó padà láìwo ìwé. 200 ló le jù: orúkọ pọ̀, ẹ̀yà ara kì í bára mu láti orúkọ kan sí èkejì, ẹ sì lè máa dúró de kí wọ́n rí i rà wá láti Nnewi. Nítorí èyí ni mi ò fi 200 ṣe àkọ́kọ́ fún gbogbo èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló lágbára jù.

Òfin

Ìwọ̀n eré tí òfin fi lélẹ̀ fún alùpùpù ní Nàìjíríà jẹ́ 50, nílùú àti ní ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ títì lásán. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ràn sí i, 100 ti tó yín. Ní Èkó, òfin ìrìnnà ọdún 2012 ti ti alùpùpù kúrò ní ọ̀nà 475, èyí tó jẹ́ ti 200cc sókè tó ń jíṣẹ́ ẹrù nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2022, wọ́n tún lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, tó fi mọ́ Ìkẹjà, Súrùlérè àti Apapa. Ẹni tó bá fẹ́ fi alùpùpù jíṣẹ́ ẹrù l'Ékòó, òfin ti yan 200 fún un.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láàárín Kùtọ̀nù àti Pọ́tò-Nófò, alùpùpù kéékèèké pọ̀ débi pé awakọ̀ ń retí wọn. 110 kì í ṣe àlejò lójú títì níbẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì ni òfin wọ́n le fún jù: ẹni tó ń lo àmì L (àmì ẹni tó ṣì ń kọ́ bí a ti ń gùn ún) lórí 125 kò gbọ́dọ̀ wọ motorway, ìyẹn márosẹ̀ wọn. Wọ́n lè wọ àwọn títì ńlá mìíràn tí àwọn mọ́tò ti ń sá 70 máìlì láàárín wákàtí kan, níbi tí ọ̀pọ̀ 125 kì í ti í lè bá wọn dọ́gba. Ohun tí òfin gbà yẹn, èmi ò gbà á.

Ta ni kó ra èwo?

100: ẹni tó ń rin inú ìlú, tó ń gba márosẹ̀ fún ìwọ̀nba kìlómítà láti ìjáde kan sí èkejì, tó dá nìkan wà, ní ọ̀sán. Bí ọ̀nà àtijọ́ bá wà, kó gba ibẹ̀. Láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, ọ̀nà Ọmí-Adió san fún un ju kó lọ já sí Ṣágámù lọ.

125: mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń ra tuntun fún ọ̀nà jíjìn yóò fi dúró níbẹ̀, àyàfi tí owó kò bá tó tàbí tó bá rí èyí tó ní díìsì níwájú. Fún ẹni tó dá nìkan ń lọ, ó tó.

150: òun ni mo máa ra fún olùkọ́ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé, fún àgbẹ̀, fún ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó máa sá 65 sí 70, kó sì fi èyí tó ṣẹ́ kù pamọ́ fún tírélà.

200: ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo, tó ń gbé ní ilẹ̀ olókè, tàbí tí òfin Èkó fi dandan mú. Kó kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì àdúgbò rẹ̀ irú èyí tó ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà, kó tó lọ dúnàá-dúrà.

Bó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, èyíkéyìí kó jẹ́, ẹ má dán an wò nínú ọgbà ọlọ́jà. Ẹ mú ẹnì kan gùn sẹ́yìn, ẹ wá òkè tó gùn, kí ẹ gùn ún ní jíà kẹta. Bí ó bá ń rú èéfín aláwọ̀ búlúù, ó ṣeé ṣe kí ríìnì ti lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké sí i ṣùgbọ́n tí eré kò kún, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Bí ẹ bá padà dé, ẹ fọwọ́ mú ṣéènì láti ẹ̀yìn irin eléyín ńlá, kí ẹ fà á. Bí ìdajì eyín bá hàn síta, ẹ yọ owó ṣéènì àti irin eléyín méjèèjì kúrò nínú iye tí ó pè.